Ahun Odò Tí Wọ́n Ní Ó Ti Run: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Ìpínsísọ̀rí Pelusios seychellensis

Ìfáàrà

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Heiko Stuckas, Richard Gemel àti Uwe Fritz, gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà PLoS ONE. Kókó ohun tí wọ́n wí kò gùn. Ahun odò kan wà tí àwọn onímọ̀ ti kà mọ́ àwọn ẹranko tí ó ti run. Àwọn mẹ́ta yìí sọ pé kò run rárá, nítorí pé kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Pelusios seychellensis ni orúkọ tí wọ́n ti fún un, erékùṣù Mahé ní Seychelles, láàárín Òkun Íńdíà, ni wọ́n sì kà sí ibùgbé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ara rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Pelusios castaneus ni, ìyẹn ahun odò tí ó wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó sì tàn dé Àǹgólà. Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ẹkùn náà. Ẹni tí ó ń gbé ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò ọkọ̀ òkun kí ó tó dé ibi tí irú ahun bẹ́ẹ̀ ń gbé. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Iṣẹ́ yìí yóò yẹ ìpínsísọ̀rí náà wò bí lámèyítọ́ ṣe ń yẹ ìwé wò: kí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ẹranko náà lórúkọ rí, kí ni ó gbára lé, ibo ni ó ti ṣìnà, ǹjẹ́ àwọn tí ó tún un ṣe kò sì sọ ju ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀ lọ? Èrò tí ó jẹ́ òpómúléró rẹ̀ ni pé ibùgbé ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀rí ara ẹranko, àti pé àṣìṣe kan náà ń bẹ nínú bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ahun ní èdè Yorùbá.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ahun erékùṣù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìsọlórúkọ ni ìpínsísọ̀rí, iṣẹ́ èdè sì ni ìsọlórúkọ. Olùkọ́ Yorùbá ni ó máa ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ẹranko kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá a. Bí orúkọ tí ọmọ gbà lọ́wọ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ bá ti da ẹranko mẹ́rin pọ̀ sí ọ̀kan, yóò pẹ́ kí olùkọ́ kejì tó tú u.

Ẹranko Náà Gan-an

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí ẹranko tí ẹjọ́ dá lé lórí wà níwájú wa. Nínú ètò àwọn onímọ̀, orúkọ méjì ni ẹranko kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Àkọ́kọ́ dà bí orúkọ agboolé, èkejì sì ni orúkọ tirẹ̀ gan-an. Pelusios ni agboolé. Castaneus ni ọmọ kan nínú agboolé náà, subniger ni òmíràn, castanoides sì ni òmíràn.

Ohun méjì ni a fi ń mọ ọmọ agboolé Pelusios. Èkíní ni ọrùn. Ahun ilẹ̀ a máa fa ọrùn sẹ́yìn tààrà kí orí rẹ̀ tó wọ inú ìkarahun. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ni ó ń ṣẹ́ ọrùn sí, á sì fi orí pamọ́ sí abẹ́ etí ìkarahun, bí ẹni tí ó gbórí lé èjìká. Èkejì ni àyà. Oríkèé kan wà ní igbá àyà rẹ̀ tí ó ń jẹ́ kí apá iwájú lè gbéra sókè kí ó sì pa dé bí ilẹ̀kùn, tí orí àti ọwọ́ yóò fi wà lẹ́yìn rẹ̀ láìséwu.

Ó dára kí a ranjú mọ́ oríkèé yìí díẹ̀, nítorí pé òun ni ó ya àwọn ahun ilẹ̀ wa sọ́tọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ ilé àyẹ̀wò. Àwọn ahun ilẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ nínú igbó àti ọ̀dàn Yorùbá, àwọn tí onímọ̀ ń pè ní Kinixys, náà ní oríkèé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni tiwọn wà, ní apá ìdí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pa ìkarahun dé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù. Ahun omi mìíràn wà tí ó jọ Pelusios púpọ̀, tí òun náà ń ṣẹ́ ọrùn sí ẹ̀gbẹ́. Pelomedusa ni agboolé tirẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò ní oríkèé kankan. Ti odò ńlá sì tún wà, Trionyx, tí awọ bo ìkarahun rẹ̀ dípò èépá líle, tí imú rẹ̀ sì nà síwájú bí ẹnu ìkòkò tábà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di ahun mú, tí ó yí i padà, tí ó sì wo àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ti mọ ju ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ lọ. Kò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí wọ́n ti mú un wá.

Pelusios castaneus a máa gbé nínú odò tí kò yára, adágún àti àbàtà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú kí omi gbẹ, á rì ara rẹ̀ mọ́ inú ẹrẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ọ̀kan lára ìdí tí àwọn ènìyàn kì í fi í rí i lóòrèkóòrè nìyí: ní oṣù tí ọmọdé lè wọ inú odò lọ kọjá sí òdìkejì, ahun ti sùn.

Orúkọ Kan àti Òkú Ahun Mẹ́ta

Ní ìparí ọ̀rúndún 19, onímọ̀ ẹranko ará Jámánì kan, August Brauer, lọ ṣe ìwádìí ní Seychelles. Lára ohun tí wọ́n kà sí ìkójọ rẹ̀ láti Mahé ni ahun odò mẹ́ta wà. Méjì nínú wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù Hamburg, ọ̀kan sì wà ní ti Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ní ọdún 1906, Friedrich Siebenrock, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ahun ní Vienna, yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fún wọn ní orúkọ. Kò sọ wọ́n di ẹ̀yà tí ó dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kà wọ́n sí ẹ̀ka kan lábẹ́ ẹ̀yà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì pe ẹ̀ka náà ní Sternothaerus nigricans seychellensis. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni àwọn tí ó tẹ̀lé e gbé seychellensis kúrò ní ipò ẹ̀ka sí ipò ẹ̀yà.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún rí ahun bẹ́ẹ̀ ní Mahé. Wọ́n wá a nínú odò, wọ́n wá a nínú àbàtà, wọn kò rí i. Mahé kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ahun yóò fi sá mọ́ni lọ́wọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Àjọ àgbáyé tí ó ń kọ orúkọ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú ewu sílẹ̀, IUCN, wá kà á sí èyí tí ó ti run. Nínú gbogbo ahun odò àgbáyé, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n kà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni nípa bí ènìyàn ṣe ń ba omi jẹ́ yóò tọ́ka sí ahun Mahé gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, yóò sì kẹ́dùn rẹ̀. Òkú tí kò kú ni wọ́n ń sọkún.

Ohun Tí Siebenrock Gbára Lé

Kò yẹ kí a fi ojú ọ̀lẹ tàbí òpè wo Siebenrock. Ohun méjì ni ó mú kí èrò rẹ̀ ṣe é gbà. Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ agboolé Pelusios méjì mìíràn, subniger àti castanoides, ń gbé ní Seychelles lóòótọ́, wọ́n sì wà ní apá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Bí méjì bá wà, ẹ̀kẹta kò ṣòro láti gbà gbọ́. Èkejì, erékùṣù a máa bí ohun tí kò sí níbòmíràn. Àwọn ahun ńláńlá Aldabra, tí ó wà lábẹ́ Seychelles kan náà, jẹ́ ẹ̀rí fún un. Onímọ̀ tí ó bá gba ẹranko láti erékùṣù ti ń retí ohun tuntun kí ó tó ṣí àpótí.

Ṣùgbọ́n ìrètí kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ Siebenrock gan-an kò ju òkú ahun mẹ́ta àti àkọlé kan lọ. Àkọlé náà ni ó sọ pé Mahé ni wọ́n ti wá. Bí a bá yọ àkọlé yẹn kúrò, kí ni ó kù? Ara ẹranko ni, ara náà sì jọ ti ahun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Schweigger ti sọ ní castaneus láti ọdún 1812, ìyẹn ọdún 94 ṣáájú. Ó wá hàn pé àkọlé ni ó borí ara. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, "Èwo nínú gbogbo àwọn tí a ti mọ̀ ni èyí jọ?" Dípò rẹ̀, èyí tí ó jẹ gàba ni pé, "Níbo ni èyí ti wá?"

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Castaneus jẹ́ orúkọ àwọ̀; àwọ̀ ilẹ̀ pípọ́n bíi ti èso kan tí àwọn ará Yúróòpù ń jẹ ni ó dúró fún. Nigricans àti subniger náà, àwọ̀ dúdú ni. Ẹni tí ó fi àwọ̀ sọ ẹranko lórúkọ lè ṣì í, nítorí ẹrẹ̀ lè yí àwọ̀ ahun padà, ṣùgbọ́n ó kéré tán ó wo ẹranko náà. Ẹni tí ó pe ẹranko ní seychellensis kò sọ nǹkankan nípa ẹranko yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ní ó ti jáde. Bí kì í bá wá ṣe ilé rẹ̀ ńkọ́?

Iṣẹ́ Ọdún 2013 Lórí Òṣùwọ̀n

Stuckas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí kò sí àyè rẹ̀ ní ọdún 1906. Nínú òkú ahun tí ó wà ní Vienna, èyí tí orúkọ seychellensis so mọ́ lábẹ́ òfin, wọ́n mú ìwọ̀nba DNA, ìyẹn àmì ìran tí ó wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n ka jíìnì mẹ́ta nínú rẹ̀, wọ́n sì fi wé ti gbogbo ẹ̀yà yòókù nínú agboolé Pelusios. Àárín castaneus gan-an ni ó bọ́ sí. Òfin ìsọlórúkọ ẹranko sọ pé orúkọ tí ó kọ́kọ́ jáde ni àgbà; castaneus ti 1812 ni ó gba ipò, seychellensis ti 1906 sì di orúkọ àbúrò tí kò ní ilé tirẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ahun tí ó ti run, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ẹranko Seychelles.

Àyẹ̀wò náà múná dóko. Ohun tí ó ní láárí jù nínú rẹ̀ ni pé wọn kò fi ahun Mahé wé ẹyọ kan tí ó wù wọ́n. Gbogbo agboolé ni wọ́n pè jáde. Adájọ́ tí ó fẹ́ mọ ọmọ ta ni ọmọ kì í pe ìdílé kan ṣoṣo sí ilé ẹjọ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní àwọn ibi tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tọ́. Ti àkọ́kọ́ fúyẹ́. Jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kà wá láti mitochondria, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ sì ti ń jogún irú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe awuyewuye lè sọ pé ìlà ìyá nìkan ni wọ́n tọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ronú pé ara ẹranko náà bá ìlà ìyá rẹ̀ mu, tí a sì ronú pé kò sí ẹni tí ó tún rí irú rẹ̀ ní Mahé, awuyewuye yìí kò lè dúró pẹ́.

Èkejì wúwo jù ú lọ. Àkọlé iṣẹ́ náà sọ pé ahun yìí kò run, kò tilẹ̀ sí rí. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ni, àwọn ìwé ìròyìn sì fẹ́ràn irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó dà pọ̀. Orúkọ ni kò ní ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ, ahun wà. Òkú mẹ́ta kì í ti inú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹranko tí ó mí, tí ó jẹun, tí ó rì sínú ẹrẹ̀ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n, irú wọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní ní apá ọ̀dọ̀ wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka àkọlé yẹn nìkan, yóò rò pé ìtàn àròsọ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó mú lọ ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ẹranko kan lórúkọ ni ó jẹ́ àròsọ, pàápàá ìdajì tí ó jẹ́ ti ibùgbé.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè bí ahun Ìwọ̀-Oòrùn ṣe di ti Mahé. Ọ̀nà méjì péré ni ó ṣe é rò: yálà àkọlé mùsíọ́ọ̀mù ni ó ṣi ojú ọ̀nà, tàbí ènìyàn ni ó gbé ahun náà la òkun kọjá kí Brauer tó bá a níbẹ̀. Èyí kejì kì í ṣe àlá. Pelusios castaneus ti dé erékùṣù Guadeloupe, ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì gbé e débẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ náà kò ṣòro láti rí. Hamburg jẹ́ èbúté tí ọkọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ti Òkun Íńdíà ti ń pàdé. Àwọn oníṣòwò Hamburg kan náà ni ó ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó àti Wídà ní àárín ọ̀rúndún 19, tí ẹyọ fi kún inú ọjà ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí nípa ahun, àsìkò rẹ̀ sì ṣáájú ti Brauer. Ṣùgbọ́n ó tó láti rán wa létí pé omi tí ó ya Mahé àti Èkó nípá kò dí ọ̀nà fún ẹrù. Iṣẹ́ ọdún 2013 kò lè dá ẹjọ́ láàárín ọ̀nà méjèèjì, DNA kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ́. Ó ń sọ ọmọ ẹni tí ẹranko jẹ́. Kò sọ ìrìn tí ó rìn.

Ahun Lẹ́nu Yorùbá

Kò sí orúkọ Yorùbá kankan nínú gbogbo ìtàn yìí, láti 1906 títí dé 2013. Ó rọrùn láti bínú sí èyí, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sì ti sọ irú ìbínú bẹ́ẹ̀ di àṣà: wọn yóò ní àwọn baba ńlá wa ti mọ ohun gbogbo, òyìnbó ni kò bi wọ́n léèrè. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn baba ńlá wa ì bá sọ.

Ahun, tàbí awun lẹ́nu àwọn mìíràn, ni orúkọ tí ó gbòòrò jù. Òun náà ni a ń pe ahaun ènìyàn tí kì í fẹ́ ná owó. Ìjàpá, Àjàpá àti Alábahun dúró fún ẹranko kan náà, ṣùgbọ́n inú àlọ́ ni wọ́n ti lágbára jù, níbi tí ọkọ Yánníbo ti ń fi ọgbọ́n àrékérekè gbé ara rẹ̀ sínú wàhálà. Ẹni tí ó bá rò pé àlọ́ kò ní àkíyèsí nínú kò tẹ́tí sí i dáadáa. Àlọ́ tí ó sọ pé Ìjàpá ṣubú láti òkè tí ìkarahun rẹ̀ fọ́, tí wọ́n sì tò ó pọ̀ padà, ti rí àwọn ìlà tí ó pín ìkarahun sí ègé ègé, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Àkíyèsí nípa ara ẹranko nìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà àti ilé àna ni Ìjàpá inú àlọ́ sábà máa ń rìn. Ahun ilẹ̀ ni.

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ ya ti omi sọ́tọ̀, ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò fi ibùgbé kún orúkọ: ahun odò, ahun omi. Pelusios tí ó ní oríkèé láyà, Pelomedusa tí kò ní, Trionyx tí awọ bò, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ kan yìí gbé dání. Níbí ni ó ti yẹ kí a ṣọ́ra kí a má fi ìka kan tọ́ka sí Siebenrock kí mẹ́rin tọ́ka sí wa. Seychellensis jẹ́ orúkọ ibùgbé. Ahun odò jẹ́ orúkọ ibùgbé. Àkọ́kọ́ sọ ẹ̀yà kan di méjì, èkejì sọ mẹ́ta di ọ̀kan, gbòǹgbò kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti hù.

Àwọn onímọ̀ náà ti ṣe irú àṣìṣe kejì yìí rí. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ka Pelomedusa káàkiri Áfíríkà sí ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ní ọdún 2014, Fritz kan náà tí ó yọ ahun Mahé kúrò nínú ìwé, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé ó kéré tán, mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n sì sọ mẹ́fà nínú wọn lórúkọ tuntun. Láàárín ọdún méjì, ọwọ́ kan náà dín ẹ̀yà kù níhìn-ín, ó sì fi kún un lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn kí ẹ̀yà pọ̀ tàbí kí ó kéré. Ara ẹranko ni wọ́n tẹ̀lé.

Ti pé ahun odò kò ya ẹ̀yà sọ́tọ̀ kò sì túmọ̀ sí pé àwọn apẹja kò mọ ìyàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ń dẹ àwọ̀n lórí odò Ọbà mọ èyí tí ń géni jẹ àti èyí tí ń pa àyà dé. Ìmọ̀ ọwọ́ àti ìmọ̀ orúkọ kì í fìgbà gbogbo bára dọ́gba. Ìwádìí tí ó yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá ṣe wà níbí: kí a gbé ahun mẹ́ta kalẹ̀ níwájú apẹja, kí a má sọ orúkọ kankan, kí a sì gbọ́ ohun tí yóò pè wọ́n. Kíkó ọ̀rọ̀ jọ láti inú ìwé atúmọ̀-èdè kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ṣe ìwé atúmọ̀-èdè lè má yí ahun kankan padà rí.

Ní Ìsọ̀ Lékuléja àti ní Kíláàsì

Ìkarahun ahun wà lára ohun tí lékuléja ń tà, ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní Tàkíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ tí ó ń wá ohun ìkọ́ni lè rà á níbẹ̀ láìná owó púpọ̀. Kí a wá gbà pé olùkọ́-níṣẹ́ kan ra ìkarahun kan ní Tàkíé, ó gbé e dé kíláàsì, ó sì fi gègé kọ ọ́ sí i lára pé, "Ahun, Ògbómọ̀ṣọ́." Kí ni ó ṣe? Ó ṣe ohun tí àkọlé Mahé ṣe gan-an. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ibi tí ó ti rà á. Ẹni tí ó tà á lè ti gbà á lọ́wọ́ aláròóbọ̀, aláròóbọ̀ lè ti rà á ní Sakí tàbí ní ìlú mìíràn lókè Ọya. Bí ìkarahun yẹn bá wà nínú àpótí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnìkan lè jáde lọ́jọ́ kan láti kéde pé ahun kan ti run ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ sí i kò pọ̀ jù: ọjọ́ tí ó rà á, ọjà tí ó ti rà á, pé rírà ni ó rà á tí kì í ṣe pé ó mú un nínú odò, àti ohun tí ó rí lára rẹ̀. Ṣé oríkèé wà láyà? Ṣé ẹ̀yìn ni ó wà? Ṣé kò sí rárá? Bí ahun bá wà láàyè, èwo ni ó ń ṣe, ṣé ó ń fa ọrùn sẹ́yìn ni àbí ó ń ṣẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́? Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin lè dáhùn gbogbo èyí ní Yorùbá, láìsí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ẹnu rẹ̀. Ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ títí kan sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, ti fi hàn pé èdè náà kò ṣe aláìtó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe aláìsí, kí a fi ara ẹranko ṣẹ̀dá rẹ̀. Ahun aláyà-ìlẹ̀kùn lè dúró fún Pelusios, ahun aláyà-gbọnyin fún Pelomedusa, ahun aláwọ fún Trionyx. Kì í ṣe pé àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ó gbọ́dọ̀ dúró; apẹja odò Ọbà lè ti ní èyí tí ó dára jù wọ́n lọ, tirẹ̀ ni kí a sì gbà bí ó bá ní. Ohun tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ mọ́ ni kí àwòrán ahun ilẹ̀ kan ṣoṣo dúró lórí ògiri kíláàsì fún gbogbo wọn, kí olùkọ́ sì túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó yàtọ̀ síra sí ìjàpá.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwé nìkan. Wọ́n ti sé odò fún omi mímu ní Erelu nítòsí Ọ̀yọ́ àti lórí odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́; ilé ń sún mọ́ etí omi ní ìlú méjèèjì; àbàtà tí wọ́n bá kún kì í tún ṣe ibi tí ahun lè sùn ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọ̀kan nínú àwọn ahun odò wọ̀nyí bá kúrò nínú odò kan, ta ni yóò mọ̀, nígbà tí orúkọ kan náà ṣì ń bọ́ sórí èyí tí ó kù? Ní Mahé, orúkọ wà tí ẹranko kò sí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹranko lè lọ kí orúkọ má mọ̀ pé ó lọ.

Ní ti seychellensis, kò ní parẹ́ pátápátá. Yóò máa wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ lábẹ́ castaneus, gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí a kò lò mọ́, òkú ahun tí ó wà ní Vienna ni yóò sì máa jẹ́rìí sí i. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2013 yóò ṣì máa kà á mọ́ àwọn tí ó ti run. Olùkọ́ tí ó bá bá a pàdé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fa ìlà sí i nídìí, kí ó kọ Pelusios castaneus sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọdún tí wọ́n tún un ṣe.